Wọ́n ní ká pàdé ní pọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì: kí ni kí n mu, kí ni kí n jẹ?

ỌmọÌkìrun
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oṣù méje rèé tí mo ti dé Sheffield, ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti pè mí lọ sí pọ́ọ̀bù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo purọ́. Àkọ́kọ́, mo ní orí ń fọ́ mi. Ìkejì, mo ní ìyàwó mi ń retí mi. Ìkẹta, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà sá lọ. Àmọ́ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, ọ̀gá wa obìnrin ń fẹ̀yìn tì, pọ́ọ̀bù kan ní Kelham Island ni wọ́n ti fẹ́ bá a jẹun ìdágbére. Obìnrin yẹn ló fọwọ́ mú mi nígbà tí mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mi ò lè má lọ.

Ìyàwó mi ní ibi tí àwọn ọkùnrin tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ń jókòó sí ni. Èmi náà kì í ṣe ọ̀mùtí, Guinness kan lọ́jọ́ ìnáwó ti tó mi. Wọ́n ní ibẹ̀ lókìkí fún "real ale" àti oúnjẹ. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ṣé òótọ́ ni pé bíà gbígbóná ni? Ta ló ń sanwó? Ṣé mo lè mú ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà dání? Ẹ dákun, ẹ gbà mí.

ÌyáÌbejìLeeds
Àbúrò, má sá gba ẹ̀yìn mọ́ o. Pọ́ọ̀bù kì í ṣe bíà pálọ̀ tí aya rẹ ń rò. Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, mo ní kí wọ́n mú ilé ẹlẹ́mu, kí wọ́n mú búkà, kí wọ́n mú abẹ́ igi odán tí àwọn bàbá ti ń tayò, kí wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ òrùlé kan nítorí òjò. Wọ́n ní ó ti yé àwọn.

Èmi kì í mu ọtí rárá, ọdún kọkànlá mi rèé tí mo ti ń lọ. Omi ọsàn tí wọ́n bu lemonade lé ni mo máa ń rà, nínú ife gígùn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan rí. Ojú rẹ ni wọ́n fẹ́ rí.

Ohun tó máa kọ́kọ́ rú ọ lójú ni pé kò sẹ́ni tó máa wá bá ọ nídìí tábìlì. Ìwọ lo máa dìde lọ sí káńtà, wàá sanwó lójú ẹsẹ̀. O ò ní rí ìlà níbẹ̀, síbẹ̀ ìlà wà o! Ojú ni wọ́n fi ń tò ó. Mọ ẹni tó ti wà níbẹ̀ kó o tó dé. Bí ẹni tó ń tà bá yíjú sí ọ nígbà tí kò tíì kàn ọ́, ní "àwọn ló kàn", kó o nawọ́ sí onítọ̀hún. Má ju owó sókè, má pòṣé, má taka bí ẹni ń pe ajá.

Agbẹ́muTẹ́lẹ̀
Ẹ̀gbọ́n ỌmọÌkìrun, èmi ni kẹ́ ẹ bi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró nídìí káńtà ní Manchester nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ẹ jẹ́ n fi ẹmu ṣàlàyé, kò sí bó ṣe máa yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹmu tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ láàárọ̀, ó dùn bí oyin. Tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti ń hó, ó ti ń ta ahọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó ti kan. Kò sẹ́ni tó bu nǹkan sí i, ààyè ni ẹmu wà ni. Bíà inú ìgò àti ti kẹ́ẹ̀gì (àgbá irin tí wọ́n dé pa) tá a mọ̀, wọ́n ti sẹ́ ẹ tàbí kí wọ́n fi iná pa ohun tó wà láàyè nínú ẹ̀, gáàsì ni wọ́n sì fi ń ti ti kẹ́ẹ̀gì jáde. Real ale, wọn kì í pa á. Bí wọ́n bá ti pọn ọ́n tán, àtòun àti ìwúkàrà rẹ̀ ni wọ́n jọ ń rọ sínú àgbá, á sì máa hó lọ níbẹ̀ títí dé abẹ́ ilẹ̀ pọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tà á á wá fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ife á kún. Igi gígùn tẹ́ ẹ máa rí lórí káńtà, tó dà bí ọwọ́ àdá, òun náà nìyẹn.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Tí àgbá bá dé, ẹ ó gbé e dùbúlẹ̀ lórí pèpéle, ẹ ò gbọdọ̀ mì í mọ́. Ẹ ó ki igi rírọ̀ kékeré kan bọ ihò òkè rẹ̀ kó lè máa mí. Tí híhó rẹ̀ bá rọlẹ̀, ẹ ó fi èyí tó le rọ́pò rẹ̀. Ẹ ó wá dúró kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kí òkè tòrò. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí, ẹ fetí sílẹ̀: àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ni ọ̀pọ̀ fi ń mú kó tètè tòrò. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó mu.) Yàrá yẹn kì í tutù ju bíi 11°C, kì í sì í gbóná ju 13 lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "bíà gbígbóná" ti wá. Kò gbóná. Omi àmù ni. Ẹnu tó ti mọ́ bíà inú fíríìjì ló ń pè é ní gbígbóná.

Àgbá kékeré tí wọ́n ń pè ní firkin gba gálọ́ọ̀nù 9, ìyẹn páìǹtì 72 (páìǹtì kan ni ife bíà ńlá kan). Tí wọ́n bá ti ṣí i, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ló ní kí adùn rẹ̀ tó yẹ̀. Torí náà, bẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ má lọ síbi tí pọ́ǹpù pọ̀ tí èèyàn ò sí. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń yan ilé ẹlẹ́mu náà ni. Ibi tí agbè ti ń tètè ṣófo ni kẹ́ ẹ jókòó sí.

Ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀gá wa máa ń ní ká fa àgbá ọlọ́jọ́ mẹ́fà fún àlejò, ó ní àlejò ò mọ̀. Mo fa á fún ọmọ Yorùbá kan lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó mu ún, ojú ẹ̀ rọ, ó dúpẹ́, ó lọ jókòó. Ojú ṣì ń tì mí dòní. Bí tiyín bá kan, tàbí tó rú bí omi àgbàrá, ẹ gbé e padà. Ẹ rọra sọ pé ẹ rò pé kò dáa mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti mọ iṣẹ́, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ láìjiyàn, wọ́n á sì yí pátákó kékeré tí orúkọ bíà wà níwájú pọ́ǹpù yẹn kó kọ ẹ̀yìn síta, pé wọn ò tà á mọ́.

Bọ̀dáPeckham
Gbogbo àròyé yìí lórí bíà? Kó mu Guinness tó mọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́.

Agbẹ́muTẹ́lẹ̀
Guinness tí wọ́n mọ̀ kọ́ ni wọ́n máa bá níbẹ̀, bọ̀dá. Ti Nàìjíríà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọtí inú ẹ̀. Ti pọ́ọ̀bù ìhín ò ju bíi 4.2 lọ, gáàsì nitrogen ni wọ́n sì fi ń mú kó jọ̀lọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé ìpọntí Ìkejà ní 1962 ni tiwa ti ní ọ̀nà tiẹ̀. Nígbà tí ìjọba sì fòfin de ọkà báálì tí wọ́n fi ń pọn ọtí láti òkè òkun ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n yíjú sí. Ẹni tó bá dé ibí tó mu tìbí, á rò pé wọ́n fi omi là á ni.

Bọ̀dáPeckham
Èyí tòótọ́. Ìdí tí mo fi ń ra ti ilé ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Ọmọ_Kelham
Ẹ kú àdúgbò, ỌmọÌkìrun, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ibi tí wọ́n mú yín lọ yẹn, bí ẹni lọ sí orísun ni. Kelham Island, ilé iṣẹ́ irin ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí irin dákẹ́, àdúgbò náà fẹ́ẹ̀ kú. Ní 1981 ni Dave Wickett, tó ti dolóògbé báyìí, ṣí pọ́ọ̀bù Fat Cat ní Alma Street. Ohun tó ṣe ò wọ́pọ̀ nígbà náà: ale láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi apọntí, àti oúnjẹ tí wọ́n dìídì sè, títí kan ti àwọn tí kì í jẹ ẹran. Nígbà tó di 1990, ó kọ́ ilé ìpọntí sínú ọgbà ibẹ̀, Kelham Island Brewery. Pale Rider tí wọ́n ń pọn níbẹ̀ gba ipò bíà tó dáa jù ní gbogbo Britain ní 2004. Ilé ìpọntí náà ti kógbá sílé ní 2022, ilé ìpọntí Thornbridge ló ń pọn Pale Rider báyìí. Kelham Island Tavern tó wà nítòsí, òun ni wọ́n fi ṣe pọ́ọ̀bù ọdún fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ní 2008, wọ́n tún fún un ní 2009.

Ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní oyè wọ̀nyẹn ni CAMRA, àwọn tó ń jà fún real ale. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin kan ló dá a sílẹ̀ ní 1971, nígbà tí wọ́n wà ní ìsinmi ní Ireland, torí ó ti sú wọn bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń fi kẹ́ẹ̀gì lé àgbá kúrò nílé.

Ẹ wọ trámù, ẹ sọ̀ ní Shalesmoor. Ẹ ò ní wa mọ́tò, ọkàn yín á balẹ̀.

Bọ̀dáPeckham
Kí wọ́n máa ṣọ́ra fún ìfófòó Sheffield o. Ìdajì ife ni wọ́n fi ń ta fóòmù fún yín lókè lọ́hùn-ún.

Ọmọ_Kelham
Ẹ fi wá sílẹ̀! Irin oníhò wẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń dè mọ́ ẹnu pọ́ǹpù níbí, òun ló ń mú kí ìfófòó rẹ̀ ki bí ìpara. Ẹmu tí kò hó, ẹ máa mu ún? Ti Lọ́ńdọ̀nù yín, ó pẹlẹbẹ bí omi tí wọ́n fi fọ ife.

Agbẹ́muTẹ́lẹ̀
Ìjà tí ẹ bá lọ́wọ́ òyìnbó lẹ ń bá wọn jà yìí. Ẹ̀gbọ́n, bí ìfófòó bá pọ̀ jù, ẹ ní kí wọ́n kún un. Ẹ̀tọ́ yín ni.

AlhajaBirmingham
Ẹ jẹ́ n sọ ti oúnjẹ, òun ni mo mọ̀. Mùsùlùmí ni mí, mo sì máa ń bá àwọn tá a jọ ń kọ́ni nílé ìwé lọ. Ohun mẹ́ta ni kí ojú yín wà lára ẹ̀. "Steak and ale pie", ẹran màlúù inú ìyẹ̀fun yíyan ni lóòótọ́, àmọ́ ọtí ni wọ́n fi sè é. Ìpanu tó ń ro gààràgà nínú ọ̀rá kékeré lẹ́yìn káńtà, awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Scotch egg jọ egg roll wa bí ìbejì, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi wé ẹyin inú ẹ̀. Ìkẹta yìí ló gbá mi mú lọ́dún tí mo dé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gé e jẹ kí n tó bèèrè. Black pudding, ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ má tilẹ̀ dé ibẹ̀.

Ẹja àti chips ò ní já yín kulẹ̀. Ẹ béèrè ṣáájú o, torí àwọn míì ń po bíà mọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bo ẹja. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń se oúnjẹ ibẹ̀ ni àbí wọ́n kàn ń gbé e sínú máíkírówéèfù, ẹ wo bí pátákó oúnjẹ wọn ṣe gùn tó. Èyí tí wọ́n fi ẹfun kọ, tí kò ju oúnjẹ mẹ́jọ lọ, tí wọ́n ti fagi lé ọ̀kan torí ó ti tán, ẹ jókòó síbẹ̀. Èyí tó gùn bí ìwé àdéhùn ilé, ẹ máa lọ. Ẹ tètè jẹun, iná ilé ìdáná lè kú ní aago mẹ́jọ àbọ̀ kí ọtí ṣì máa ṣàn.

ÌyáÌbejìLeeds
Ẹ ṣé, Alhaja. Kí wọ́n wo nọ́ńbà orí tábìlì kí wọ́n tó lọ bèèrè oúnjẹ ní káńtà. Èmi gbàgbé tèmi nígbà kan, oúnjẹ mi rìn ká gbogbo ilé.

Ti owó: ẹnì kan ló máa ń ra fún gbogbo tábìlì, ẹlòmíì á ra èyí tó kàn. Bí ẹ bá gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ gbọ́dọ̀ rà padà. Bí ẹ ò bá fẹ́ mu ju ẹyọ kan lọ, ẹ yọ ara yín kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ní tiyín lẹ máa rà. Ẹni tó gba mẹ́ta tó wá rántí pé ọkọ̀ ń lọ, wọ́n á máa rántí ẹ̀ títí tó fi máa fẹ̀yìn tì.

Ti ọmọ: òfin gbà á, tí òbí bá wà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ pọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ní aago tiẹ̀. Ìdágbére iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ mú un lọ. Ẹ mú un lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ_Luton
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yẹ kẹ́ ẹ gba ọmọkùnrin yìí níyànjú, ilé ọtí lẹ ń júwe fún un. Ọtí a máa bẹ̀rẹ̀ ní ife kan.

ÌyáÌbejìLeeds
Òótọ́ lẹ sọ, bọ̀dá, mo mọ ilé tó ti fọ́ nítorí ẹ̀. Àmọ́ ìdágbére ọ̀gá ẹ̀ ló ń lọ, omi ọsàn sì wà níbẹ̀.

BàbáAbíọ́lá
Mo ti ń kà yín láti àárọ̀, ẹ jẹ́ n fi ẹnu àgbà sí i. Ìbẹ̀rù tó ń ba ọmọ yìí kì í ṣe ti ọtí nìkan, ó kàn ń tijú àtisọ ọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á wọlé, gbogbo orí á yí sí òun.

Ọmọ mi, ẹ̀rù yẹn nídìí. Nígbà tí àwọn tó ṣáájú wa dé, pọ́ọ̀bù wà tí kì í ta ọtí fún aláwọ̀ dúdú. Ní 1964, Paul Stephenson, aláwọ̀ dúdú kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wa, wọ pọ́ọ̀bù Bay Horse ní Bristol, wọ́n ní kó jáde, ó ní òun ò ní jáde. Ọlọ́pàá gbé e, ó dé kóòtù, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1965, ni òfin àkọ́kọ́ jáde pé pọ́ọ̀bù àti hòtẹ́ẹ̀lì ò gbọdọ̀ lé èèyàn nítorí àwọ̀. Àga tó o máa jókòó lé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnì kan ti jókòó lé e dè ọ́.

Mi ò sọ pé gbogbo ilé ló dáa. Mo ti wọ ibì kan rí ní abúlé, gbogbo wọn dákẹ́ bí ìgbà tí egúngún bá jáde. Mo mu ààbọ̀ páìǹtì mi, mo bá ajá wọn ṣeré, mo lọ. Ibi tó ń kíni káàbọ̀, láti ẹnu ọ̀nà lo ti máa mọ̀: ẹni tó ń tà á á gbójú sókè kí ọ bí ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ dí.

Nígbà tó o bá dé káńtà, sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ rèé. Wọ́n á bu díẹ̀ sínú ife kékeré fún ọ kó o tọ́ ọ wò, ọ̀fẹ́ ni. Bèèrè mild bí wọ́n bá ní in. Ó dúdú, kò le, ó jọ Maltina tí wọn ò fi ṣúgà sí tó bẹ́ẹ̀. Ààbọ̀ páìǹtì ni kó o rà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Káyọ̀dé_Glasgow
Fún ẹni tó bá máa wa mọ́tò: ìwọ̀n ọtí tí òfin gbà nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ ní Scotland kéré sí tiyín. Mílígíráàmù 50 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni níbí láti December 2014, 80 ni ní England. Èmi kì í ṣírò rárá, bíà tí kò ní ọtí ni mo máa ń mu tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lápò mi.

ỌmọÌkìrun
Ẹ̀yin ará, mo lọ o!

Mo dúró síta fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ń ṣe bí ẹni ń wo fóònù. Bàbá àgbà kan tó ń fa ajá lọ́wọ́ ló ṣílẹ̀kùn, ó dì í mú dè mí, ni mo bá wọlé. Obìnrin tó ń tà gbójú sókè. Bàbá, mo rántí yín.

Wọn ò ní mild. Ó bu mẹ́ta fún mi tọ́ wò, mo mú èyí tó pọ́n bí oyin, mi ò rántí orúkọ rẹ̀. Àkọ́kọ́ kòrò, mo ní háà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, ó ti ń dùn. Omi àmù ni lóòótọ́. Mo ra ráùǹdì kan fún èèyàn mẹ́fà, pọ́nùn 27 ló lọ, mo mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n ra òmíràn. Ọ̀gá wa sunkún, ó dì mọ́ mi, ó ní òun ti rò pé n ò fẹ́ràn àwọn ni. Mo jẹ́wọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn fún wọn, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí agogo fi dún pé kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà tètè wá.

Oúnjẹ wọn dáa, kò kàn ní ata ni.

Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ jọ padà lọ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Màlúù yíyan, pòtétò, ìyẹ̀fun wíwú tí wọ́n ń pè ní Yorkshire pudding, wọ́n da omi ẹran lé e. Ìyàwó mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ ike ata gígún kékeré nínú báàgì rẹ̀.

AlhajaBirmingham
Ata wo ni?

ỌmọÌkìrun
Rodo gbígbẹ, pẹ̀lú edé díẹ̀. Obìnrin tó gbé oúnjẹ wá rí i, ó ní ṣé òun lè tọ́ ọ wò.